Ohun Tí Àkànkẹ́ Sọ fún Dókítà

Ó tó gẹ́ẹ́. Ohun tí Samuel Ògúnlànà gbé mì láti ìgbà tí Yẹ́misí ti wà lẹ́nu ọmú, ó di dandan kó bì í wàyí, ì báà fa ìfun rẹ̀ jáde. Bó bá jẹ́ tirẹ̀ ni, ì bá gbé e wọ sàréè, sàréè náà kò sì jìnnà mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti wú, èémí rẹ̀ kì í délẹ̀. Iṣẹ́ tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe ni kó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ikú lẹ́nu dókítà òyìnbó kó sì máa sọ ọ́ fún aláìsàn ní Yorùbá, nítorí náà kò nílò ògbifọ̀ kankan tó máa túmọ̀ tirẹ̀ fún un. Gbogbo Ẹdẹ ló ń pè é ní èèyàn rere. Díákónì ni ní ìjọ Onítẹ̀bọmi, ó sì tọ́ Yẹ́misí, ọmọ àbúrò rẹ̀, bí ọmọ bíbí inú rẹ̀. Èèyàn rere! Ẹ jẹ́ ká máa wò ó.

Àwọn ará Sẹ́kọnà ló dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Olúgbénga, tíṣà ọ̀dọ́ kan láti ibẹ̀, ló fẹ́ fi Yẹ́misí ṣaya, ẹbí rẹ̀ sì ṣe ohun tí gbogbo ẹbí ń ṣe kí wọ́n tó gbé ìyàwó: wọ́n wádìí. Nílẹ̀ wa, ẹwà ọmọ kò tó, ìwé tó kà kò tó. Wọ́n á béèrè bóyá wèrè wà nílé náà, bóyá ẹ̀tẹ̀ wà, bóyá wárápá wà, bóyá ikọ́ wà. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n ní kí Bàbá Fákọ̀yà, àgbà ilé wọn, wá sọ. Samuel jókòó sórí àga, Grace ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Yẹ́misí sì kúnlẹ̀ lẹ́bàá Grace. Ọládòṣù, bàbá tó bí Yẹ́misí, ti ti oko Alájue dé láti àárọ̀. Orí ẹní lẹ́nu ọ̀nà ló jókòó sí, torí àgbẹ̀ ni, kì í sì í fẹ́ fi aṣọ oko kan àga àna rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá," ni Fákọ̀yà wí. "Ọmọ yín dára, a rí i. Ó mọ̀wé, ó sì mọ ìwà í hù. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ikọ́ ife ló pa ìyá tó bí i lọ́mọ, wọ́n ní inú igbó ni wọ́n sin ín sí. Ikọ́ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé wọlé. Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀rín tú u ká, kó má di ìjà."

Yẹ́misí kò sunkún. Ó kàn ní, "Mo ti mọ̀ pé bó ṣe máa rí nìyẹn. Ìyá mi gan-an ò fẹ́ kí n súnmọ́ òun, ká má tíì sọ ti ará ìta." Ọ̀rọ̀ yìí ló wó ohun tó kù ní ìdúró nínú Samuel. Ó mọ ohun tí ọmọ náà ń sọ. Ohun kan ṣoṣo tí Yẹ́misí rántí nípa ìyá rẹ̀ ni obìnrin kan tó dúró lókèèrè lójú ọ̀nà oko, tó ń juwọ́ sí i pé kó padà.

"Àkànkẹ́, ìyá ọmọ yìí, kò ní ikọ́ ife," ni Samuel wí. "Kò ní in rí. Èmi ni mo fi kọ́ ọ lọ́rùn."

Fákọ̀yà rò pé ẹ̀bẹ̀ àgbàlagbà ni. Ṣùgbọ́n Ọládòṣù gbé ojú sókè láti orí ẹní. "Kí lẹ wí, ẹ̀gbọ́n?"

"Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán kí ẹ tó dá mi lóhùn," ni Samuel wí. "Bí ẹ bá dá sí i láàárín, n ó tún wá ọgbọ́n kan bò ó mọ́lẹ̀. Mo mọ ara mi."

Báyìí ló ṣe là á sílẹ̀. Ọmọ ìyá kan náà ni òun àti Àkànkẹ́, ilé àwọn olùsìn Ọ̀ṣun ni wọ́n sì ti jáde. Samuel kàwé, ó gba ìgbàgbọ́, ó sì di ògbifọ̀ nílé ìwòsàn àwọn òyìnbó míṣọ́n kan tó wà lójú ọ̀nà rélùwéè; ọkọ̀ ojúurin ló fi ń lọ, òun náà ló sì fi ń bọ̀ wá sílé. Ó gbé Grace níyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọdún ń gorí ọdún, Grace kò fẹ́rakù. Àkànkẹ́ náà, tó wà nílé ọkọ ní Alájue, ojú ọmọ ń pọ́n ọn. Nígbà náà, ìyá arúgbó kan tó ń jẹ́ Ọ̀ṣúnwùmí wà létí odò, akàn odò sì ni ìwòsàn tó ń ṣe fún àgàn. Láàyè ni wọ́n ti ń gún akàn náà mọ́ atare, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń jẹ ẹ́. Kò gbọdọ̀ fojú kan iná. Wọ́n ní bó bá fojú kan iná, omi inú rẹ̀ ti kú nìyẹn, ọmọ sì ti bá omi lọ.

Bí díákónì bá dé ọ̀dọ̀ irú ìyá bẹ́ẹ̀ láyé ọjọ́un, wọn á yọ ọ́ níjọ, míṣọ́n á sì gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Samuel mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó gba ọ̀nà ẹ̀bùrú lọ. Ṣé ó wá gbé akàn náà fún ìyàwó rẹ̀? Kò gbé e fún un o. Ẹ̀rù ń bà á pé Grace á béèrè ibi tó ti rí i, ẹ̀rù tún ń bà á pé ó lè ṣe é ní jàǹbá. Ó gbé e lọ fún Àkànkẹ́.

"Mo fẹ́ fi í wò ó ni," ló wí, ojú rẹ̀ sì wà nílẹ̀. "Bó bá ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, n ó wá ọgbọ́n gbé e fún Grace. Bó bá sì burú, kó burú lára rẹ̀. Wọ́n ní a kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn odò. Ẹsẹ̀ àbúrò mi ni mo fi wọn tèmi. Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi nígbà tí mo gbé e dé. Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi, ilé tiyín náà á gba ọmọ.' Mo ṣe àmín."

Àkànkẹ́ jẹ akàn náà ní àìmọye ìgbà, ó sì lóyún. Bóyá akàn ló ṣe é, bóyá Ọlọ́run tó ti fẹ́ ṣe é tẹ́lẹ̀ ni, Samuel kò lè sọ. Ó bí Yẹ́misí. Inú Samuel dùn, ó ń múra láti padà lọ bá Ọ̀ṣúnwùmí nítorí Grace, àfi bí Àkànkẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ikọ́ náà kò lọ. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ pọ́n bí omi osùn. Ọládòṣù sáré wá sí Ẹdẹ, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí, ìyàwó mi ń tutọ́ ẹ̀jẹ̀." Samuel sì mú àbúrò rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojúurin tọmọtọmọ, ó di ilé ìwòsàn.

Ẹ̀rọ tuntun kan ti dé ibẹ̀ nígbà náà, tó ń ya àwòrán inú ara láìla ara. Fọ́tò eegun ni àwọn èèyàn ń pè é. Wọ́n mú Àkànkẹ́ dúró níwájú rẹ̀, wọ́n ní kó fa èémí sínú kó má mí. Nígbà tí àwòrán náà gbẹ, dókítà fi í ko ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé. Àkànkẹ́ rí egungun ìhà ara rẹ̀ tó tò lọ rẹrẹẹrẹ, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé bí mo ṣe rí nínú nìyí? Ọlọ́run ṣé tó fi awọ bò ó." Samuel rẹ́rìn-ín. Dókítà kò rẹ́rìn-ín, ó tẹjú mọ́ àwòrán náà. Ó fi ìka kan ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, níbi tí àwọn nǹkan roboto kéékèèké bí òrùka wà. Ó ní òkè ni ikọ́ ife sábà máa ń bà jẹ́, èyí sì wà nísàlẹ̀. Ó ní obìnrin yìí kò rù, ibà kò sì ṣe é. Ó ní aràn kan wà tó ń gbé inú akàn. Bí èèyàn bá jẹ akàn náà láìsè, aràn yẹn á lu ìfun já, á gòkè wọ ẹ̀dọ̀fóró, á wá kọ́lé síbẹ̀ bí òrùka báyìí gẹ́lẹ́. Ó yíjú sí Samuel. "Bi í léèrè bóyá ó ti jẹ akàn tútù rí."

Samuel bi í. Ó bi í bí dókítà ṣe wí gan-an. Ojú Àkànkẹ́ sì là, torí ó rò pé wọ́n ti rí ìdí ọ̀rọ̀.

"Ẹ sọ fún un pé mo jẹ ẹ́ dáadáa. Akàn tí ẹ gbé wá fún mi, tútù ni mo jẹ ẹ́. Torí ọmọ yìí ni mo ṣe jẹ ẹ́." Ó yí ẹ̀yìn padà kí òyìnbó lè rí ọmọ tó pọ̀n. Òyìnbó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ọmọ náà, ó ń retí kí ògbifọ̀ sọ ohun tí ìyá rẹ̀ wí.

Samuel sì sọ fún un lédè rẹ̀ pé obìnrin náà ní òun kò jẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí láyé òun.

Ẹ ó ní, ṣebí ó lè dárúkọ akàn kó má dárúkọ ara rẹ̀? Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n dókítà yẹn kì í fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láìtú gbòǹgbò rẹ̀. Á béèrè odò tí akàn ti wá, á béèrè ẹni tó pa á, ẹnu Àkànkẹ́ kò sì ní ìlẹ̀kùn. Kó tó di ọjọ́ Ìsinmi, gbogbo ìjọ á ti mọ̀ pé díákónì ń bá ìyá olómi létí odò ṣe. Ẹ̀rù yìí ló bo Samuel lójú. Ó ní òun rò pé òun máa wá ọ̀nà tún un ṣe tó bá yá. Gbogbo òpùrọ́ ló máa ń rò bẹ́ẹ̀.

Dókítà mí kanlẹ̀. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ikọ́ ife ni, kí a má tan ara wa. Kí obìnrin yìí lọ máa dá gbé. Kí wọ́n já ọmọ náà lẹ́nu ọmú kíá, kí wọ́n má sì jẹ́ kó súnmọ́ ọn mọ́.

"Èyí ni mo túmọ̀ láìku ẹyọ kan," ni Samuel wí. "Ó wò mí. Ó ní, 'Ṣé ẹ sọ ti akàn yẹn fún un?' Mo ní mo sọ ọ́. Ó ní, 'Kí ló wí?' Mo ní, ó ní akàn kọ́. Ó mi orí. Ó ní, 'Òyìnbó ló mọ̀.' Ó wá tú ọ̀já, ó sọ ọmọ kalẹ̀, ó na ọmọ náà sí mi. Yẹ́misí, o gbé orí lé mi láyà. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé yìí, ẹ gbọ́ ohun tí mi ò tíì sọ nínú àdúrà pàápàá. Inú mi dùn. Àbúrò mi ń sunkún níwájú mi, inú mi sì dùn, torí mo ti rí ohun tí mo máa gbé lọ fún Grace."

Grace gbé ọwọ́ lé ẹnu. Samuel kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá mọ níbẹ̀, à bá ní ojora ni. Èyí tó burú jù ṣì ń bẹ lẹ́yìn. Àwòrán yẹn kò jẹ́ kí dókítà sùn. Ó pe Samuel lọ́jọ́ kan, ó fún un ní ìgò kékeré ẹlẹ́nu gbòòrò, ó ní kó lọ gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ obìnrin náà wá. Ó ní òun ní ẹ̀rọ kan tó ń sọ ohun tí ojú kò tó di ńlá. Bó bá jẹ́ aràn ni, ẹyin rẹ̀ á wà nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà. "Bí mo bá rí ẹyin náà, mo ní abẹ́rẹ́ tí mo lè fi gbìyànjú. Ọmọ náà á sì lè padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀." Bí òyìnbó ṣe wí nìyẹn, Samuel kò sì lè ní òun ṣì í gbọ́, torí kò sí ẹni tó ń túmọ̀ fún un.

Ó lọ sí Alájue. Ọládòṣù ti kọ́ ahéré sí ìpẹ̀kun oko nígbà náà, ibẹ̀ ni Àkànkẹ́ ń dá gbé. Ó wúkọ́ sínú ìgò náà, ó fi ewé nù ún, ó gbé e sílẹ̀, ó sì sún sẹ́yìn kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wá mú un. "Ẹ ní kó wò ó dáadáa o," ló wí. Samuel gba ilé kọjá kó tó wọkọ̀. Ó bá Grace tó pọn Yẹ́misí, tó ń kọrin fún un. Ọmọ náà ti ń gba ẹ̀kọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ń rẹ́rìn-ín. Samuel kò tíì rí ìyàwó rẹ̀ kó rí bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti gbé e wọlé.

"Inú koríko lẹ́yìn ibùdókọ̀ rélùwéè ni mo da kẹ̀lẹ̀bẹ̀ Àkànkẹ́ nù sí," ni Samuel wí. Èémí rẹ̀ ń gé, ṣùgbọ́n kò dúró. "Mo fọ ìgò náà. Ọkùnrin kan wà ní wọ́ọ̀dù wa tí ikọ́ ife ń pa lọ. Tirẹ̀ ni mo gbà sínú ìgò, òun ni mo gbé fún dókítà. Ó fi ẹ̀rọ wò ó, ó rí ikọ́ ife níbẹ̀, ó mi orí. Ó ní àwòrán ló tan òun jẹ. Àwòrán kò tan án, èmi ni. Kì í sì í ṣe torí ìjọ mọ́, kì í ṣe torí iṣẹ́. Bí mo bá gbé ìgò yẹn dé bó ṣe wà, wọ́n á gba ọmọ lọ́wọ́ Grace."

Àwọn tó kù mọ ìyókù. Àkànkẹ́ pẹ́ díẹ̀ láyé nínú ahéré yẹn. Bí Grace bá gbé ọmọ lọ wò ó, òkèèrè ni Àkànkẹ́ máa ń dúró sí, á fi aṣọ bo ẹnu, á máa juwọ́ pé kí ọmọ má súnmọ́ òun. Òfin dókítà ló ń pa mọ́. Nígbà òjò kan ni ẹ̀jẹ̀ dà lẹ́nu rẹ̀ tí kò dá. Wọn kò sin ín sílé bí a ti ń sin èèyàn. Inú igbó ni, wọ́n sì dáná sun gbogbo aṣọ rẹ̀, débi pé kò sí àkísà kan tí ọmọ rẹ̀ lè mú dání pé ti ìyá òun nìyí.

Ọládòṣù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kò pariwo. "Ahéré yẹn, ọwọ́ mi ni mo fi kọ́ ọ," ló wí. "Orí kùkùté ni mo máa ń gbé oúnjẹ rẹ̀ kà, n ó sì padà sẹ́yìn. Ọjọ́ kan, ọyẹ́ mú, ó ní kí n wá jókòó ti òun díẹ̀. Mo ní òyìnbó ní kí n má jókòó tì í. Ẹ̀gbọ́n, mo sá fún ìyàwó mi."

Grace kò wo ọkọ rẹ̀. "Bàbá Yẹ́misí," ló wí, ó sì dánu dúró, torí orúkọ yẹn gan-an ti di ẹ̀gún. "Ẹ jí ọmọ gbé fún mi. Ẹ sì jẹ́ n máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́dọọdún, n máa dúpẹ́."

"Ẹ wo gbogbo wa," ni Samuel sọ fún Fákọ̀yà. "Ọládòṣù bá a sùn, ọmọ yìí mu ọmú rẹ̀, èmi jókòó tì í nínú ọkọ̀ ojúurin. Ta ló wúkọ́ nínú wa? N ó sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, lójú gbogbo ìjọ, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo parọ́ torí kí ọmọ lè rọ́kọ."

Fákọ̀yà wo ọmọbìnrin náà pẹ́. "Bó bá jẹ́ akàn ni, kì í ṣe ohun ìdílé," ló wí níkẹyìn. "A kò ní ẹjọ́ mọ́. Ìyàwó wa ni." Nílé mìíràn, orin ni wọn ì bá fi gba ọ̀rọ̀ yìí. Kò sẹ́ni tó lè kọ orin níbẹ̀.

Samuel sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú ń fà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọkọ àbúrò rẹ̀ àti ọmọ tó tọ́. "Ọládòṣù, dárí jì mí. Yẹ́misí, dárí jì mí. Ọkọ rẹ mọ èdè òyìnbó, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Wọn á máa pè yín kí ẹ wá bá àwọn tí kò gbọ́ sọ̀rọ̀. Mo bẹ̀ yín, ohun tí wọ́n bá sọ ni kí ẹ sọ. Ẹni tí kò gbọ́ èdè, ọwọ́ yín ni ẹ̀mí rẹ̀ wà, kò sì ní mọ̀ bí ẹ bá jù ú nù. Àbúrò mi kò mọ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi títí tó fi kú."

Yẹ́misí dìde. Ó rìn kọjá lára rẹ̀, ó lọ jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọládòṣù, ó fara tì í.

"Mi ò ní ṣépè fún yín," ló wí. "Ẹ tọ́ mi, ẹ ò fìyà jẹ mí rí. Ṣùgbọ́n Alájue ni n ó ti lọ sílé ọkọ, bàbá mi ló máa fà mí lé wọn lọ́wọ́. Ní ti ẹ̀bẹ̀ tí ẹ bẹ̀ yìí, mi ò lè dáhùn rẹ̀ lónìí. Ó dìgbà tí mo bá bímọ tèmi, tí mo gbé e mọ́ra, tí mo sì mọ ohun tí ẹ gbà lọ́wọ́ ìyá mi. Ìgbà náà ni n ó wá dá yín lóhùn."

Samuel ní ó dáa, òun á dúró dè é. Kò sí ẹni tó wà nínú ilé náà tí kò mọ̀ pé kò ní pẹ́ láyé tó bẹ́ẹ̀.